Bí Eré Inú Yàrá Kan Ṣe Di Fíìmù: Iṣẹ́ Ọwọ́ Howard Hawks Nínú His Girl Friday

Ọ̀pọ̀ eré tó ń pa èrò lẹ́rìn-ín lórí ìtàgé ni adùn rẹ̀ máa ń pòórá nígbà tí wọ́n bá gbé e wọ inú fíìmù. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lórí ìtàgé, òṣèré ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn òǹwòran. Ó lè dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì lè fa ọ̀rọ̀ gùn bó bá rí i pé inú wọn dùn sí i. Kámẹ́rà kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bá yà lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sí i, ì báà jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ló ń wò ó, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùdarí fi máa ń sá jáde kúrò nínú yàrá tí eré náà ti wáyé. Wọn á fi ọkọ̀ kún un, wọn á fi òpópónà àti ọjà kún un, wọn á gbà pé bí ojú bá ti ń rí ohun púpọ̀, ó ti di fíìmù nìyẹn.

Howard Hawks, olùdarí fíìmù ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú His Girl Friday, tó jáde láti ilé-iṣẹ́ Columbia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1940, ó mú eré apanilẹ́rìn-ín kan tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, ó sì jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró sínú yàrá tó ti wà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù náà yára ju ọ̀pọ̀ fíìmù tí ẹṣin àti ọkọ̀ ti ń lé ara wọn kiri lọ. Bó ṣe rí i ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí mo gbà pé ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ eré orí ìtàgé di fíìmù: ẹ wá ohun tó gbé eré náà ró, ẹ má bà á jẹ́, kí gbogbo àyípadà tí ẹ bá sì ṣe máa fi agbára kún un.

Eré tó bí i

The Front Page ni orúkọ eré orí ìtàgé náà. Ben Hecht àti Charles MacArthur ló kọ ọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1928 ni wọ́n ṣí i ní gbọ̀ngàn Times Square ní Broadway, ní New York, George S. Kaufman sì ni olùdarí rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Chicago rí, ohun tí ojú wọn rí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n gbé sórí ìtàgé. Walter Howey, tó jẹ́ ọ̀gá MacArthur nígbà kan, ni wọ́n wò láti dá Walter Burns, olóòtú ìwé ìròyìn tí kò sí ọgbọ́n àrékérekè tí kò lè dá. Hildy Johnson, akọ̀ròyìn rẹ̀ tó mọṣẹ́ jù, jẹ orúkọ mọ́ akọ̀ròyìn gidi kan ní Chicago tó ń jẹ́ Hilding Johnson.

Ojú kan ni gbogbo eré náà ti wáyé: yàrá tí àwọn akọ̀ròyìn ń jókòó sí nínú ilé ẹjọ́ àwọn ọ̀daràn ní Chicago. Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wo ibi tí wọ́n ti ń to igi tí wọ́n fẹ́ fi yẹgi fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Earl Williams, tó yìnbọn pa ọlọ́pàá kan, bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn akọ̀ròyìn ń ta káàdì, wọ́n ń dúró de ikú ẹlòmíràn kí wọ́n lè rí nǹkan kọ. Hildy, tó jẹ́ ọkùnrin nínú eré yìí, yà wá dágbére fún wọn. Ó fẹ́ gbé Peggy Grant níyàwó, ó sì ti rí iṣẹ́ ìpolówó ọjà sí New York. Burns kò fẹ́ kó lọ. Níbi tí wọ́n ti ń fà á ni Williams ti sá mọ́ ṣẹ́ríìfù lọ́wọ́, tó sì já wọ inú yàrá náà gan-an. Hildy rọra fi í pa mọ́ sínú tábìlì ìkọ̀wé ńlá kan tó ní ìdérí.

Ẹ wo bí ìfẹ́ inú olúkúlùkù ṣe ta ko ti ẹnìkejì rẹ̀. Ṣẹ́ríìfù àti méyọ̀ fẹ́ kí Williams kú kíákíá nítorí ìdìbò ń bọ̀. Gómìnà ti fi ìwé ìdáríjì ránṣẹ́, wọ́n sì ń wá bí wọ́n ṣe máa fi iṣẹ́ ìjọba ra ẹni tó mú ìwé náà wá kó lè padà sẹ́yìn. Burns fẹ́ kí ìwé ìròyìn tirẹ̀ nìkan ni ìròyìn náà. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà ń retí ọkọ, ọkọ̀ ojú irin sì fẹ́ ṣí. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta, ojú fèrèsé tàbí ẹnu tẹlifóònù ló ń gbà wọlé. Ohun méjì ló wá gbé eré náà ró: ọ̀rọ̀ ẹnu, àti àkókò tó ń lọ. Ẹni tó bá kó àwọn ènìyàn yìí jáde kúrò nínú yàrá náà ti já okùn tó so wọ́n pọ̀.

Hawks kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di fíìmù. Ní ọdún 1931, Lewis Milestone ti yà á. Adolphe Menjou ṣe Burns, Pat O'Brien sì ṣe Hildy. Fíìmù yẹn tẹ̀ lé eré orí ìtàgé pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá ní láti ní ìdí tó dájú.

Nígbà tí Hildy di obìnrin

Bí Hawks ṣe máa ń sọ ọ́, ó ní kí obìnrin kan máa ka ọ̀rọ̀ Hildy nígbà tí òun fúnra òun ń ka ti Burns, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn ju bí ọkùnrin méjì ti ń sọ ọ́ lọ. Charles Lederer, tó ti bá wọn kọ ọ̀rọ̀ fíìmù ti 1931, ló wá kọ ìwé eré tuntun náà. Òun ló mú àbá wá pé kí Hildy àti Burns ti fẹ́ ara wọn rí, kí wọ́n sì ti kọ ara wọn sílẹ̀. Rosalind Russell di Hildy, Cary Grant di Burns.

Àyípadà kan yìí wọ inú gbogbo ìtàn náà. Nínú eré orí ìtàgé, ọ̀gá tí kò fẹ́ pàdánù òṣìṣẹ́ rere ni Burns, ìwà rẹ̀ kò sì le láti túmọ̀. Nínú fíìmù, gbogbo irọ́ tó bá pa ní ìdí méjì. Ṣé ìròyìn ló ń lé ni, àbí aya tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Hildy gan-an kò mọ èyí tó jẹ́, àwa tí a ń wò ó náà kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọn kò sì ní láti jókòó sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Bí wọ́n ṣe ń jà lórí bí ìròyìn yóò ṣe rí ni a fi mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló yẹ ara wọn.

Ipò Peggy bọ́ sọ́wọ́ Bruce Baldwin, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ adójútòfò ní Albany. Ralph Bellamy ló ṣe é. Bruce kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń fẹ́ ire fún Hildy, ó ń gbé agbòjò kiri torí kí òjò má bàa pa á, ó sì ti ṣètò pé àwọn yóò máa gbé pẹ̀lú ìyá òun. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú bí wọ́n ṣe dá a. Bí ó bá jẹ́ òǹrorò ni, kò ní sí ìṣòro kankan nínú yíyàn tó wà níwájú Hildy. Torí pé ó dára ni yíyàn náà fi nira.

Ohun tí mo bu ọlá fún jù ni pé wọn kò bu iṣẹ́ Hildy kù nígbà tó di obìnrin. Òun ló mọ̀wé kọ jù nínú gbogbo wọn. Ìgbà kan wà tó jáde sílẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn yòókù sì yọjú wo ìròyìn tó ń kọ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn kà á sókè, gbogbo wọn sì gbà fún un. Àwọn ọkùnrin tí kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni dákẹ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ẹ rántí pé ọdún 1940 la wà yìí.

Ohun tí wọ́n fi kún un, àti ìdí rẹ̀

Lórí ìtàgé, Burns kì í tètè yọjú. Ohùn tó ń pariwo nínú tẹlifóònù ni títí di ìparí ìpín kejì, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìyẹn dára fún eré ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti di ti ọkùnrin àti obìnrin tó ti fẹ́ra rí, a ní láti rí wọn papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lederer wá kọ apá ìbẹ̀rẹ̀ tuntun tí kò sí nínú eré àtijọ́.

Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀. Hildy ní kí Bruce dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó wá rìn gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá lọ sí ọ́fíìsì Burns. Kámẹ́rà ń bá a lọ. Èyí kí i, ó kí tọ̀hún, ó béèrè àlàáfíà ẹlòmíràn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ẹni tó sọ fún wa, a ti mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló padà wá yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wá sọ pé òun ń lọ ni.

Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ jẹun. Níbẹ̀ ni Burns ti na pàkúté rẹ̀: kí Hildy lọ fọ̀rọ̀ wá Williams lẹ́nu wò nínú ẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, òun yóò sì ra ìwé adójútòfò ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là lọ́wọ́ Bruce. Hildy fara mọ́ ọn, torí owó tí Bruce máa rí nínú rẹ̀ yóò tó wọn bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Apá tí wọ́n fi kún un yìí ló fún wa ní ìdí tí obìnrin tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fi tún padà sínú yàrá àwọn akọ̀ròyìn. Nígbà tí a óò fi dé yàrá náà, gbogbo ìgbà tí tẹlifóònù bá dún la ti mọ ẹni tó lè jẹ́, ohun tó ń wá, àti irọ́ tó fẹ́ pa.

Yàrá náà dúró síbẹ̀

Láti ìgbà yẹn lọ, Hawks kò wá ọ̀nà àbáyọ. Ìgbà díẹ̀ ló jáde, ohun gúnmọ́ ló sì mú un jáde. Àkọ́kọ́ ni inú ẹ̀wọ̀n, níbi tí Hildy ti fọ̀rọ̀ wá Williams lẹ́nu wò. Ìran yìí kò sí lórí ìtàgé. Ohùn lọ sílẹ̀, eré sísá dúró. Hildy rọra ń bi í léèrè títí ó fi darí rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún èrò níta gbangba, pé kí a máa lo ohun gbogbo fún ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìbọn wà lọ́wọ́ Williams. Ìlò ìbọn ni yíyìn. Hildy ti rí ìròyìn rẹ̀. A rí i pé ó káàánú ọkùnrin náà, a sì rí i pé òun gan-an ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìran kúkúrú yìí fi ọlá àti ewu iṣẹ́ ìròyìn hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkejì ni ìgbà tí Williams sá lọ. Hildy bọ́ síta, ó lé ọ̀gá wọ́dà kan bá lójú títì, ó fò mọ́ ọn, ó sì gbé e ṣubú kó lè gba ìròyìn lẹ́nu rẹ̀. Lórí ìtàgé, a ò lè rí irú èyí. Hawks fi í hàn wá ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì dá wa padà sínú yàrá.

Nínú yàrá ọ̀hún, Joseph Walker tó ń ya fíìmù náà máa ń kó ènìyàn púpọ̀ sójú kámẹ́rà pọ̀, kí a lè máa wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ nígbà kan náà. Àwọn tẹlifóònù tò lórí tábìlì, akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ mọ́ ẹnu, olúkúlùkù sì ń sọ ìtàn kan náà lọ́nà tó yàtọ̀. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ẹ̀sùn tó le sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí a ń rí bí irọ́ ṣe ń di ìròyìn lójú wa.

Eré tó ń sáré bẹ́ẹ̀ nílò ibi tí yóò ti dúró. Mollie Malloy, obìnrin kan tó ti ṣàánú Williams, wọlé wá bá àwọn akọ̀ròyìn wí nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa òun. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí Hildy mú un jáde, gbogbo yàrá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí pé ariwo ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ náà fi wọni lára. Hawks mọ̀ pé ìyára láìsí ìdúró kì í ṣe ìyára mọ́, ariwo lásán ló ń dà.

Ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ náà ti jinlẹ̀ jù. Hawks ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn kì í dúró kí ẹnìkejì parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáhùn, pàápàá bí inú bá ń bí wọn tàbí tí wọ́n ń kánjú. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú fíìmù máa gun orí ara wọn bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ pàtàkì lè sọnù. Ọ̀nà tó gbà rọrùn bí a bá ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó gba làákàyè. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣe pàtàkì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí gbólóhùn, kí kókó wà láàárín. Ẹni tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ń parí lọ, orí àti ìrù gbólóhùn nìkan ni yóò sì wọnú ara wọn. Gbogbo kókó yóò dé etí wa.

Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ìgbà yẹn kò tíì lè gba ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n wá pò ó pọ̀ níkẹyìn bí ti òde òní. Wọ́n wá gbé makirofóònù púpọ̀ kọ́ sókè, ẹni tó ń bójú tó ohùn sì ń tan èyí, ó ń pa tọ̀hún, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí orin kankan lábẹ́ ọ̀rọ̀ títí tí eré fi fẹ́ parí. Ohùn ènìyàn, agogo tẹlifóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ìlù rẹ̀.

Hawks tún fún àwọn òṣèré láyè láti dá ọ̀rọ̀ tiwọn. Russell rí i pé ọ̀rọ̀ dídùn tó wà lẹ́nu Grant pọ̀ ju tòun lọ, ó sì fi owó ara rẹ̀ gba ẹnì kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kó máa bá òun wá èsì tó mú. Grant náà dá tirẹ̀. Ó dárúkọ Archie Leach níbì kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti kú, orúkọ tí wọ́n sọ òun fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i sì ni. Níbòmíràn, Burns ń júwe Bruce fún obìnrin kan, ó ní ó jọ òṣèré kan tó ń jẹ́ Ralph Bellamy. Wọn kì í dúró kí a rẹ́rìn-ín tán. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti kọjá lọ. Ohun tó yẹ kó jẹ́ àléébù kámẹ́rà, pé kò lè dúró de òǹwòran, Hawks sọ ọ́ di agbára.

Òfin, àti ìparí tuntun

Èébú pọ̀ nínú The Front Page, ara ohun tó mú kó gbòòrò lórí ìtàgé ni. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé òfin ìwà nínú fíìmù Amẹ́ríkà gírígírí, irú èdè bẹ́ẹ̀ kò sì lè kọjá mọ́. Lederer àti Hawks fi ìyára àti èsì tó ń gúnni dí àyè tí èébú fi sílẹ̀.

Ọgbọ́n tó parí eré orí ìtàgé náà kò ṣeé lò bó ṣe wà mọ́. Níbẹ̀, Burns fi aago rẹ̀ ta Hildy lọ́rẹ ìgbéyàwó, bó ti ń lọ tán ló ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú un nínú ọkọ̀ ojú irin, ó jí aago òun. Nínú fíìmù, orí Bruce ni ẹ̀sùn aago jíjí já lé, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn ohun tó gbé ọkùnrin náà dé àtìmọ́lé. Ní ìkẹyìn, Hildy yan iṣẹ́ àti Burns. Ó gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e, Burns sì ń lọ níwájú ní ọwọ́ òfo. Ìparí yìí dun àwọn kan. Ní tèmi, òtítọ́ ló sọ: Burns kò yí padà, Hildy sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yàn án.

Àbùkù kan wà tí mi ò lè fi pa mọ́. Ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú ni Williams yìnbọn pa, ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni méyọ̀ sì ń lé. Ìtàn náà bu ẹnu àtẹ́ lu olóṣèlú tó ń fi òkú ṣòwò ìbò, ṣùgbọ́n kò bẹ ìdílé ẹni tó kú wò rí. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ mọ èyí pẹ̀lú.

Ohun tó yẹ ká mú lọ

Àwọn mìíràn tún gbé ìtàn náà lẹ́yìn Hawks. Billy Wilder sọ Hildy di ọkùnrin padà ní 1974 pẹ̀lú Jack Lemmon àti Walter Matthau. Ní 1988, Switching Channels gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní 1993, wọ́n fi His Girl Friday sára àwọn fíìmù tí Amẹ́ríkà ń tọ́jú pa mọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Àwọn tó ni ín kò sọ ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ dọ̀tun, nítorí náà ó ti pẹ́ tó ti di ti gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Eré orí ìtàgé náà sì di bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kó máa fi wọ́n wéra.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú apá ibi tí Williams ti wà nínú tábìlì, tí Burns ń pariwo sínú tẹlifóònù kan, tí Hildy ń tẹ̀wé, tí Bruce sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ. Ẹ kọ́kọ́ kà á nínú ìwé eré orí ìtàgé, níbi tí Peggy ti wà ní ipò Bruce. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn fíìmù, kí ẹ kàn máa wo ibi tí olúkúlùkù dúró sí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má wo nǹkan kan, etí ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. Ẹ ó rí i pé Hildy kò gbọ́ ohun tí Bruce ń sọ mọ́, iṣẹ́ ti gbé e lọ, ìgbéyàwó náà sì ti tú ká kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ó tú. Hawks kò nílò òpópónà kankan láti fi ìyẹn hàn. Ènìyàn mẹ́ta, yàrá kan àti ọ̀rọ̀ tí a gbé síbi tó yẹ ti tó o.